Ọtí Wáìnì Tí Wọ́n Ń Tu Dànù

Iléṣà,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹta, 2024.

Rìnsọ́lá,

Mo kí ọ. Ara mi le, a dúpẹ́. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ níbí, ìjì rẹ̀ sì ti ká páànù kan kúrò lórí ilé ìdáná. N kò kọ ìwé yìí nítorí páànù.

Ṣẹ̀yẹ, ọmọ ìjọ wa tó ń gbé ní Johannesburg bíi tìrẹ, fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ó ní kí n bá òun yọ̀, pé ọmọ mi ti di gbajúmọ̀. Mo wọ awò ojú mi, mo wò ó. Ìwọ ni mo rí, ìwọ Rìnsọ́lá tí mo bí, láàrin àwọn òyìnbó. O di kọ́ọ̀pù ọtí mú lọ́wọ́ kan, o tẹ̀ síwájú bí ẹni tí èébì ń gbé, ò ń tu nǹkan pupa sínú garawa fàdákà. Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ wáìnì. Ẹgbẹ́! Ìyẹn ni pé kì í ṣe pé o ṣèèṣì mu ún níbi àsè. O forúkọ sílẹ̀ ni.

Ọmọ ta ni ọ́? Ṣé nítorí kí o lè máa fi ọtí fọ ẹnu láàrin àwọn àjèjì ni mo ṣe fi owó oṣù olùkọ́ rán ọ ní yunifásítì? Gbogbo ìjọ ló mọ̀ pé díákónì Mákindé kì í jẹ́ kí ọtí wọlé òun. Ní báyìí, Ṣẹ̀yẹ ti fi fọ́tò náà han ẹni tó fẹ́ hàn. Ìyá rẹ kò sí láyé mọ́ láti rí i, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyẹn.

O mọ̀ pé etí mi kò gbọ́ ohùn fóònù dáadáa mọ́, nítorí náà má pè mí láti wá jiyàn. Jókòó, kí o kọ̀wé bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ya á ní fọ́tò, fi ránṣẹ́. Kí o sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé o ti kúrò nínú ẹgbẹ́ náà.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọlálérè Mákindé.


Johannesburg,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹta, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìdáwà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe káfíńtà kó wá kan páànù yẹn kí òjò ńlá tó dé.

Inú taxi ni mo ti ka lẹ́tà yín, nígbà tí mò ń lọ síbi iṣẹ́ ní Doornfontein, nítorí ọkọ̀ mi wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Obìnrin tó jókòó tì mí bi mí bóyá ìròyìn òkú ni mo gbà. Mo ní bàbá mi ló kọ̀wé sí mi. Ó ní, "Eish, pẹ̀lẹ́."

Bàbá, n kì í mutí. Ẹ kò bi mí kí ẹ tó bínú. Ọjọ́bọ̀ kan lóṣù ni a máa ń pàdé nílé alága wa. Wọ́n á fi àpò bo ìgò kí ẹnikẹ́ni má bàa rí orúkọ tó wà lára rẹ̀. A ó bu díẹ̀, a ó gbé e síwájú aṣọ funfun láti wo àwọ̀ rẹ̀, a ó gbóòórùn rẹ̀, a ó fi ahọ́n yí i lẹ́nu, a ó sì tu ú. Lẹ́yìn náà ni oníkálukú á sọ ohun tó bá nínú rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní mo bá àgbálùmọ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tórí rẹ̀ dàrú. Mo wá ṣàlàyé fún wọn bó ṣe máa ń kan lẹ́nu kó tó dùn, bó ṣe máa ń lẹ̀ mọ́ ètè. Ni wọ́n bá tún gbé kọ́ọ̀pù wọn, wọ́n tún un tọ́ wò, wọ́n ń mi orí.

Magdalene tí a jọ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ló mú mi lọ. Ọmọ ìhà Cape ni, níbi tí wọ́n ti ń gbin àjàrà. Ọtí ló pa bàbá rẹ̀. Òun gan-an ló kọ́ mi bí a ṣe ń tu ú tí ẹ̀kán kan kò fi ní kọjá sí ọ̀fun.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún yín rí. Láti ìgbà tí a ti sin Màmá, oúnjẹ kò ní adùn lẹ́nu mi mọ́. Mo ń jẹun bí ẹni ń jẹ bébà. Nídìí tábìlì yẹn ni ahọ́n mi ti kọ́kọ́ jí. Ẹ̀yin wá kọ ọ́ sí mi pé ẹ dúpẹ́ pé Màmá kò sí láyé. Bàbá, bí ẹ bá fẹ́, ẹ bú mi. Ẹ má tún sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí mi mọ́ láé.

N kò kúrò níbẹ̀.

Ọmọ yín,
Rìnsọ́lá.


Iléṣà,
Ọjọ́ kejì, oṣù Kẹrin, 2024.

Rìnsọ́lá,

Mo kí ọ, nítorí pé ìjà kò ní kí á má kíra.

Ọ̀rọ̀ ìyá rẹ, mo gbọ́.

Èyí tó kù kò yé mi, mo sì ti kà á tó bó ṣe yẹ kó yé mi. Ta ló ń jẹ iyán tó ń tu ú dànù? Bí ọtí náà bá dára, ẹ gbé e mì. Bí kò bá dára, kí ló gbé e dé ẹnu yín? Àwọn tó ń mu ún ní búkà, ó kéré tán, wọn kò tan ara wọn jẹ. Ẹ̀yin fi aṣọ funfun àti garawa fàdákà bo ẹ̀ṣẹ̀, ẹ wá ń pè é ní ìmọ̀. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, sísá ló ń sá. Ọ̀rẹ́ rẹ tí ọtí pa bàbá rẹ̀, ọtí náà ló tún ń fi yí ahọ́n. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló ń kọ́ ọ ní ọgbọ́n!

Ó dára. O ní o kò kúrò. Èmi náà kò ní kọ̀wé mọ́. Ọjọ́ tí o bá jáde nínú ẹgbẹ́ yẹn ni kí o tó retí ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.

Ọlálérè Mákindé.


Johannesburg,
Ogúnjọ́, oṣù Kẹfà, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta.

Mo kọ̀wé lóṣù Kẹrin, mo kọ̀wé lóṣù Karùn-ún. Mo rí i lórí fóònù pé ẹ ṣí gbogbo rẹ̀, ẹ kà á. Ẹ kò fèsì. Ẹnu Ṣẹ̀yẹ ni mo ti gbọ́ pé ibà ṣe yín, pé ara yín ti yá. Ẹ lè sọ fún Ṣẹ̀yẹ, ẹ kò lè sọ fún mi! Ṣé Ṣẹ̀yẹ ló wá di ọmọ yín ni?

Àwa méjèèjì péré ni Màmá fi sílẹ̀ fún ara wa. Òtútù ti dé síbí, omi ń dì lórí koríko láàárọ̀. Mo ra kóòtù tuntun. Mo rò pé kí n sọ fún yín, mo wá rántí pé ẹ kò ní dáhùn.

Mo bínú sí yín gidigidi.

Rìnsọ́lá.


Johannesburg,
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ yọ̀. Ẹ ti borí. Mo ti kúrò nínú ẹgbẹ́ wáìnì.

N kò tíì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún, ẹ̀yin ni n ó sọ ọ́ fún, ì báà jẹ́ pé ẹ kò ní fèsì. Lọ́jọ́bọ̀, alága gbé ìgò àtijọ́ kan jáde, èyí tó jogún lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ó gbé e sórí tábìlì kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ní ìparí ìpàdé ni a ó ṣí i. A tọ́ àwọn tó kù wò. Nígbà tó dé orí èyí tí à ń retí, a kò rí i mọ́.

Wọ́n wo abẹ́ tábìlì, wọ́n wo ẹ̀yìn kọ́tìnì. Magdalene kò sí níbẹ̀, ó ti lọ sọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀. Èmi nìkan ni ọmọ Nàìjíríà nínú ilé náà. Alága wo ojú gbogbo wa, ojú rẹ̀ wá dúró sí ara mi. Ó ní pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, "Rìnsọ́lá, àpò rẹ tóbi. Ṣé a lè yẹ̀ ẹ́ wò, kí ọkàn gbogbo wa lè balẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé àwàdà ni. Ẹlòmíràn kò rẹ́rìn-ín.

Ó mú àpò náà lẹ́sẹ̀ mi, ó sì dà á sórí tábìlì, lórí aṣọ funfun. Bàbá, gbogbo nǹkan tó wà nínú rẹ̀: ìwé ìdánwò àwọn ọmọ, kóòmù, oògùn mi, páàdì tí mò ń lò fún nǹkan oṣù, lójú ọkùnrin àti obìnrin. Fọ́tò kékeré Màmá bọ́ sínú wáìnì tó dà sílẹ̀. Kò sí ìgò níbẹ̀. Ó ní, "Ó dáa, shap," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn padà bí ẹni tó ń palẹ̀ oúnjẹ mọ́. Kò fọwọ́ kan àpò ẹnikẹ́ni mọ́. Mo kó ẹrù mi, mo jáde, mo jókòó sínú ọkọ̀ mi níwájú ilé náà, n kò lè yí kọ́kọ́rọ́.

Lánàá, ó kọ ọ́ sójú ìwé WhatsApp ẹgbẹ́ pé wọ́n ti rí ìgò náà nínú fíríìjì ilé àlejò, pé a ó mu ún lóṣù tó ń bọ̀. Ó fi àwòrán ẹ̀rín sí i. Kò sí má bínú, kò sí jọ̀wọ́. Mo yọ orúkọ mi kúrò.

Ohun tí ẹ fẹ́ nìyẹn. Ẹ lè máa kọ̀wé wàyí.

Rìnsọ́lá.


Iléṣà,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù Keje, 2024.

Rìnsọ́lá, Àjíkẹ́, ọmọ mi,

Ẹ̀jẹ̀ ń hó lára mi. N kò lọ sí ìsìn òní.

O ní mo borí. Mo borí kí ni? Mo ní kí o jáde nítorí pé mo bí ọ, tí mo sì kórìíra ọtí. N kò ní kí o jáde bí olè! Ṣé ìyàtọ̀ tó wà láàrin méjèèjì kò yé ọ ni?

O kò mọ ìdí tí ẹ̀gbọ́n mi Dúrójayé fi lọ gbé ní Àkúrẹ́ títí ó fi kú. Ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù tó wà ní Iléṣà níbí ní jẹnẹrétọ̀ kan. Ó sọnù. Wọ́n ní Dúrójayé ni, nítorí pé òun ló kẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun kò ní bá aráyé fa ọ̀rọ̀, ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Nígbà tó yá, wọ́n rí jẹnẹrétọ̀ náà lọ́dọ̀ ẹni tó ń tún un ṣe. Akọ̀wé wọn ló gbé e lọ tó gbàgbé. Wọ́n bá iṣẹ́ wọn lọ. Wọn kò pe Dúrójayé, wọn kò kéde. Lọ́jọ́ tí a gbé òkú rẹ̀ wálé, nídìí sàréè, mo gbọ́ tí ọkùnrin kan ń bi ìkejì rẹ̀ létí pé, "Ṣé òun kọ́ ló jí jẹnẹrétọ̀ ọjọ́ sí?" Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Padà síbẹ̀. Ojú àwọn tó rí i nígbà tí wọ́n tú àpò rẹ ni kí alága yín ti tọrọ àforíjì. Bí o kò bá lọ, èmi yóò bá ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ fúnra mi.

Fi omi tútù díẹ̀ nu fọ́tò ìyá rẹ, má fi ọṣẹ kàn án.

Bàbá rẹ.


Johannesburg,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Kẹjọ, 2024.

Bàbá,

Ta ló ní kí ẹ kọ̀wé sí alága?

Èmi tí wọ́n fi ìyà jẹ, mo ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí n lè rí oorun sùn. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n jáde ní oṣù Kẹta ni ẹ ní kí n padà ní oṣù Keje. Ó ti sú mi! Ẹ wá ojú ìwé ẹgbẹ́ wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ gẹ̀ẹ́sì olùkọ́ àgbà ránṣẹ́ sí wọn láì bi mí. Ṣé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yín ni mo tún jẹ́ ni?

Ọkùnrin náà pè mí lánàá. Ó ní lẹ́tà yín dùn-ún kà, bàbá arúgbó tó wuni ni yín. Ó ní òun kà á sókè fún àwọn àlejò òun nídìí oúnjẹ, gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín. Kò tilẹ̀ rí i pé ẹ ń bínú, Bàbá.

Mo bínú sí yín pé ẹ kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe sọ pé wọ́n rẹ́rìn-ín, nǹkan kan já nínú mi. Lọ́jọ́bọ̀ ni ìpàdé wọn. Mò ń lọ. Kì í ṣe nítorí pé ẹ ní kí n lọ.

Rìnsọ́lá.


Johannesburg,
Ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù Kẹjọ, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Magdalene ló fi ọkọ̀ gbé mi lọ. Gbogbo ibi tí robot, iná ojú pópó, bá ti dá wa dúró ló ti ń bi mí pé, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Èmi á ní, "Rárá." Títí a fi débẹ̀.

Wọ́n ti jókòó. Alága dìde, ó na ọwọ́ sí mi. "Inú wa dùn pé o padà. Báwo ni bàbá rẹ?"

Mo ní, "Bàbá mi ń retí èsì lẹ́tà rẹ̀."

Ó ní kí n jókòó ná, a ó sọ̀rọ̀ tó bá yá. Mo ní n kò ní jókòó. Mo gbé àpò mi sáàrin àwọn kọ́ọ̀pù. "Ibí ni ẹ ti tú u, lójú àwọn wọ̀nyí. Ibí náà ni kí ẹ ti tọrọ àforíjì."

"Rìnsọ́lá, ó ti kọjá. A ti rí ìgò náà. Kò sẹ́ni tó pè ọ́ ní olè."

"Àpò mélòó lẹ tú lọ́jọ́ náà?"

Ó wo ilẹ̀.

Mo gbé ohùn sókè. "Mo ní àpò mélòó?"

Kó tó dáhùn, Magdalene da àpò tirẹ̀ sórí tábìlì. Kọ́kọ́rọ́, ìpara ètè, ọsàn kan tó yí gbirigbiri bọ́ sílẹ̀. "Ẹ yẹ tèmi náà wò." Ọkùnrin àgbà kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ dìde, ó da tirẹ̀. Àwọn yòókù jókòó, wọ́n ń wo kọ́ọ̀pù wọn.

Ìyàwó alága ló sọ̀rọ̀ lẹ́yìn náà, láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná. Ó ní, "Èmi ni mo gbé ìgò yẹn lọ sí fíríìjì. Kí ọkọ̀ rẹ tó kúrò níwájú ilé lọ́jọ́ náà ni mo ti sọ fún ọkọ mi. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ di ọjọ́ kejì."

Bàbá, mo wà ní ìta lọ́jọ́ náà. Mo jókòó síbẹ̀ tí mò ń sunkún, ó sì mọ̀.

Ojú alága pọ́n bí ata. Ó gbé kọ́ọ̀pù kan, ó ń yí i lọ́wọ́, ó ní, "Má bínú."

Mo ní, "Kọ́ọ̀pù kọ́ lẹ ṣẹ̀."

Ó gbé orí sókè. "Mo ṣẹ̀ ọ́, Rìnsọ́lá. Tìrẹ nìkan ni mo tú, nítorí ibi tí o ti wá. Má bínú."

N kò sọ pé mo ti dárí jì í. Mo fa àga, mo jókòó, mo ní kí wọ́n bu wáìnì. Mo tọ́ gbogbo rẹ̀ wò, mo tu gbogbo rẹ̀. Mo sọ ohun tí mo bá nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń gbọ́, kò sẹ́ni tó já lu ọ̀rọ̀ mi.

Mo rò pé inú tó ń bí mi á rọ̀ nígbà tí mo bá délé. Kò tíì rọ̀.

Ọmọ yín,
Rìnsọ́lá.


Iléṣà,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹjọ, 2024.

Àjíkẹ́ mi,

O kú ìyà, o kú akitiyan. Mo jókòó ka lẹ́tà rẹ bí o ṣe wí. Mo tún dìde, mo kà á ní ìdúró. Nígbà tí mo dé ibi "Kọ́ọ̀pù kọ́ lẹ ṣẹ̀," mo pariwo rẹ̀ sókè nínú pálọ̀, aládùúgbò wá kanlẹ̀kùn, ó ní ta ni mò ń bá jà.

Lẹ́tà tí mo kọ sí ọkùnrin yẹn, mo ṣe àṣejù. Ó yẹ kí n bi ọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sì sọ nípa ìyá rẹ, mo pa á rẹ́. Ká ní ó wà láyé ni, òun ni ì bá jókòó sínú ọkọ̀ yẹn pẹ̀lú rẹ, bàtà rẹ̀ ni ì bá sì fi lu tábìlì náà.

Ní báyìí, kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n lé ọ. Ọ̀nà ti là fún ọ láti fi ẹsẹ̀ ara rẹ jáde, pẹ̀lú iyì. Jáde, jọ̀wọ́. Ọtí ṣì ni ọtí. Bí o bá dúró níbẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, wàá múnú bí mi, mo sì fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí.

Bàbá rẹ tó fẹ́ràn rẹ,
Ọlálérè Mákindé.


Johannesburg,
Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹsàn-án, 2024.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Mo ti ka lẹ́tà yín, mo rẹ́rìn-ín, mo sunkún.

N kò jáde. Alága ló jáde. Ó kọ̀wé pé òun kò lè gbà wá lálejò mọ́, àwọn díẹ̀ sì bá a lọ. Àwọn tó kù yóò máa pàdé nílé Magdalene, wọ́n sì ní kí n wá ṣe alága. Mo gbà.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń wá bíró báyìí. Ẹ wá a. Ẹ kọ ojú ìwé mẹ́wàá bó bá wù yín, ẹ pè mí ní olóríkunkun, ẹ sọ fún mi pé mò ń ba orúkọ díákónì jẹ́. N ó kà á, n ó sì fèsì, a ó jọ máa jà á bọ̀. Ohun kan ni mo bẹ̀ yín fún. Gbogbo oṣù tí ẹ fi dákẹ́ sí mi yẹn dùn mí ju àpò tí wọ́n tú lọ. Àwọn yẹn kò mọ̀ mí, Bàbá. Ẹ̀yin mọ̀ mí.

Ẹ bínú sí mi. Ẹ má kàn dákẹ́ mọ́.

Èmi ni,
Rìnsọ́lá yín.